Ẹ̀kùrọ́ Mẹ́wàá fún Àlejò

Ní sáà àkọ́kọ́ tí mo fi darí ìdíje eré òkìtì láàárín Pobè, Sakété àti Yoko, kò sí ìlú kan tó borí nínú ilé ara rẹ̀. Pobè lọ sí Sakété, ó borí. Sakété wá sí Pobè, ó borí. Yoko, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi orí dúró dáadáa, wá sí Pobè, òun náà borí. Mo jókòó ti kayé, ìwé tí mo ń kọ èsì sí, mo ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní lẹ́tà tí wọ́n fi èdè tí kò gbọ́ kọ. Mo rò pé èmi ni mo kọ ọ́ lódì. Mo fa ìlà tuntun, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ. Bákan náà ló rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí eré náà ṣe dé ọwọ́ mi. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ ní Dàhòmè, gbogbo ẹni tó bá ní tábìlì ní ọ́fíìsì ní Àjàṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Èmi jẹ́ olùkọ́, mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì bí wọ́n ṣe ń pè é, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Pobè. Ọmọ bíbí ibẹ̀ ni mí, n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Wọ́n pè mí sí Àjàṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kọ́ wa ní òkìtì iwájú àti òkìtì ẹ̀yìn, bí a ṣe ń fi ọwọ́ rìn, bí a ṣe ń rìn lórí igi tóóró láìwo ilẹ̀. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, wọ́n fún mi ní fèrè kan, ìwé pẹlẹbẹ kan tí àwòrán kún inú rẹ̀, àti àṣẹ pé kí n dá ìdíje sílẹ̀ láàárín ìlú mẹ́ta. Mo béèrè ohun tí a ó fi ṣe é. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní orílẹ̀-èdè tuntun ni wá, kí a lo ohun tó bá wà nílẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ ni ọ̀pẹ. Oko ìwádìí ọ̀pẹ kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ń gé àwọn tó ti gbó. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún wa ní ìtì ọ̀pẹ kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Gbẹ́nàgbẹ́nà fá òkè rẹ̀ títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ, a gbé e lé orí òkúta, ó di igi tí àwọn ọmọ ń rìn lórí rẹ̀. A rọ háhá àgbàdo kún inú àpò, a rán ẹnu rẹ̀ pa, ó di ibùsùn tí wọ́n ń ta òkìtì lé. Bí ọmọ bá bọ́ lé e, á dún wàràwàrà, eku á sì sá jáde nígbà mìíràn. Àwọn ìyá gé ìró wọn tó ti gbó, wọ́n fi rán ṣòkòtò péńpé fún àwọn ọmọbìnrin. Bàbá kan wá bá mi pé kí ni ọmọbìnrin òun ń gbé ẹsẹ̀ sókè sí níta gbangba. Mo ní kí ó wá gbé tirẹ̀ sókè kí a wò ó bóyá ó rọrùn tó bí ó ṣe rò. Kò padà wá mọ́, ọmọ náà sì ń bọ̀ lójoojúmọ́.

Ìwé pẹlẹbẹ náà sọ pé adájọ́ mẹ́ta ni kí ó wà, pé olùkọ́ àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ wà nínú wọn, pé inú mẹ́wàá ni kí wọ́n ti máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Níbo ni n ó ti rí adájọ́? Àwọn olùkọ́ kò pọ̀. Mo ní kí ìlú tó bá gbàlejò yan àgbàlagbà mẹ́ta tí ojú wọn là. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, nítorí náà mo ro ìrònú kan tó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Mo kó ẹ̀kùrọ́ mẹ́wàá fún adájọ́ kọ̀ọ̀kan, mo gbé igbá kan síwájú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ṣe tirẹ̀ tán, kí adájọ́ bu iye ẹ̀kùrọ́ tó tọ́ sí i sínú igbá, kí n wá kà á. Mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn ará Àjàṣẹ́ lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ Pobè. Ẹ̀gbọ́n mi kú nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kòrò. Bàbá rẹ̀ ti bá iṣẹ́ kòkó lọ sí Gólúkóòsì ṣáájú ìgbà náà, kò padà, kò sì ránṣẹ́. Èmi ni mo gbé e pọ̀n wá sí Pobè, Ìyá ló sì ń pè mí. Nígbà tí mò ń sọ yìí ó ti di ọmọ ọdún méjìlá, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá gun orí ìtì ọ̀pẹ yẹn, kò ní wo ilẹ̀, kò ní wo ẹnikẹ́ni, á kàn máa lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ sí ilé kejì. Lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ n kì í yìn ín rárá. Nínú mi, mo ń yọ̀ tí n kò lè sọ.

Ọjọ́ tí Yoko borí wa ní Pobè ni sùúrù mi tán. Ọmọ mi lọ lórí igi, ó yí padà, ó fi ọwọ́ dúró lórí rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ láìmì. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ wa, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọjà, bu ẹ̀kùrọ́ márùn-ún fún un. Ọmọ Yoko kan gun igi náà, kò dé ìdajì, ó já bọ́ gbì bí àpò iṣu. Ọkùnrin náà bu mẹ́sàn-án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Ó ń lẹ túúbù, ó ti kì í bọ inú bàsíà omi, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Mo bi í bóyá ojú ń dùn ún. Ó ní rárá, ojú òun mọ́ kedere. Mo ní ta ló ṣe dáadáa jù lánàá. Kò tilẹ̀ rò ó, ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ìyàwó òun náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn délé. Mo ní kí ló wá dé tó fi bu márùn-ún fún un. Ó gbé orí sókè, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ara mi kò yá.

“Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì, àwọn ọmọ yẹn gun orí ẹrù gàrí wá láti Yoko,” ó ní. “Ṣé kí wọ́n délé kí ìyá wọn bi wọ́n, kí wọ́n ní ẹ̀kùrọ́ méjì làwọn ará Pobè bù fún àwọn?”

Mo pa òwe fún un. Mo ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

“Ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kùrọ́ lẹ kó fún wa, ẹ sì ní ká máa bù ú. Ohun tí a bá ń bù, àlejò la kọ́kọ́ ń bù ú fún.”

Ó kì túúbù rẹ̀ bọ omi padà. Mo fẹ́ bínú. Ohun tó sọ kò tọ̀nà nínú eré, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ibi tí mo lè di í mú. Bí àlejò bá wá sílé èmi náà, ṣé n kì í kọ́kọ́ bù ú fún un ni? Mo rìn padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo pẹ́, àwọn ọmọ ti ń pariwo nínú kíláàsì.

Mo ní kí wọ́n máa na ìka sókè dípò ẹ̀kùrọ́. Ìka náà pọ̀ fún àlejò. Mo wá lọ bá akẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sakété, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè, tí pẹ̀lẹ́ rẹ̀ sì máa ń mú mi bínú. A jọ fi ẹnu kò pé, ní sáà kejì, àwọn àlejò ni yóò máa mú adájọ́ wá láti ìlú tiwọn. Mo ní báyìí, ó tán. Àwọn adájọ́ Sakété wá sí Pobè. Àwọn ìyá ti se ẹ̀kọ, wọ́n ti din ẹja, wọ́n gbé omi tútù síwájú wọn. Àwọn adájọ́ jẹ, wọ́n nu ẹnu, wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀kùrọ́ fún àwọn ọmọ Pobè. Nígbà tí a lọ sí Sakété, àwọn adájọ́ tiwa náà jẹun, wọ́n sì ṣe bákan náà. Mo bi ọkùnrin pẹ̀lẹ́ yẹn pé irú kí nìyí. Ó ní, ṣé a ó jẹ oúnjẹ ẹni tán, kí a tún wá tẹ́ ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀ ni. Mo pariwo mọ́ ọn lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ, ó sì gbé àga fún mi.

Báyìí, ìlú tó bá gbàlejò ló ń borí. Mo da sáà méjèèjì pọ̀, mo kà á, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn dọ́gba. Mo ní ìdíje tí mo ń darí fún ọdún méjì, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ẹni tó ta òkìtì jù níbẹ̀.

Kì bá jẹ́ nǹkan kan, bí kì í bá ṣe ti lẹ́tà tó dé láti Àjàṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan níbẹ̀ fẹ́ gba ọmọ kan láti apá ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n máa bọ́ ọ, kí ó máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n kọ́ ọ títí yóò fi di olùkọ́ eré òkìtì. Ọmọ tó bá ṣe ipò kìíní nínú ìdíje wa ni wọ́n fẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo.

Ọmọ mi ti gba sẹtifíkà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ga ju ìyẹn lọ kò sí ní Pobè. Owó oṣù mi ń bọ́ èmi, òun àti ìyá mi tó ti dàgbà, kò lè bọ́ ọmọ kan ní Àjàṣẹ́ láéláé. Bí kò bá rí àyè yìí gbà, ìwé rẹ̀ parí nìyẹn, yóò lọ kọ́ṣẹ́ tàbí kó máa tajà. Òun náà mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà náà fún un, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń tú ni yóò ti wà lórí ìtì ọ̀pẹ náà. Mo máa ń gbọ́ háhá tó ń dún nígbà tó bá bọ́ sílẹ̀.

Èmi àti akẹgbẹ́ mi mọ̀ pé ọmọ méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn: ọmọ tèmi, àti ọmọbìnrin Sakété kan tó lágbára, tó ń fò ju tèmi lọ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lórí igi. A ní kí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tán. Níbo? Èmi ni mo dárúkọ Yoko. Mo ní Yoko kò ní ọmọ nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn ará ibẹ̀ á lè dájọ́ láìṣègbè. Akẹgbẹ́ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ọkàn mi mọ́.

Ọkàn mi kò mọ́. Abẹ́ Sakété ni Yoko wà. Ọjà Sakété ni wọ́n ń ná, ọmọ Sakété ni wọ́n ń fẹ́, ilé kan náà ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn jẹ́. Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ ṣírò rẹ̀ bọ̀: lójú àwọn ará Yoko, ọmọ Sakété á jẹ́ ọmọ ilé, ọmọ Pobè á jẹ́ àlejò. Ohun tó ti ń bí mi nínú fún ọdún méjì ni mo fẹ́ fi ran ọmọ mi lọ́wọ́. Ojú tì mí díẹ̀. N kò sì yí i padà.

A gun kamiyọ́ọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan, dé Yoko ní àárọ̀. Wọ́n ti gbé ìtì ọ̀pẹ tiwọn síwájú ilé-ẹ̀kọ́, àwọn adájọ́ mẹ́ta sì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò: bàbá arúgbó méjì àti obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan gàrí. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀ kí wọn. Obìnrin náà dá àwọn yòókù lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọmọ mi, ó gbá a lágbọ̀n mú, ó gbé ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó pẹ́. Ó bi í pé ọmọ ta ni. Ọmọ náà dá a lóhùn bí mo ṣe kọ́ ọ láti kékeré: ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ilé bàbá rẹ̀, kò ṣi ọ̀rọ̀ kankan pè.

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà ni.

Mo mọ̀ pé oko kan ní apá Yoko ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti wá. Ìgbà tí mo lọ gbé ọmọ náà, ilé wọn ti wó, àwọn aládùúgbò ní gbogbo wọn ti fọ́n ká. Ọdún méjìlá nìyẹn. N kò wádìí mọ́. Ká sọ òótọ́, n kò fẹ́ wádìí, torí mo ti rí ọmọ. Ó yẹ kí inú mi dùn ní ọjọ́ yẹn, ó sì dùn fún ìwọ̀n bí ìgbà tí ènìyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí obìnrin náà ń nu ojú, tó ń sọ fún àwọn bàbá méjèèjì.

“Tiwa lèyí,” ó ní. “Ti Sakété yẹn nìkan ni àlejò wa lónìí.”

Ìwé pẹlẹbẹ sọ pé ìbátan ọmọ kò gbọdọ̀ dájọ́, kí ó má baà gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó sọ ohun tí a ó ṣe sí ìbátan tí yóò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kó gbè sẹ́yìn àlejò. Báwo ni n ó ṣe dúró lójú gbogbo ayé, kí n ní kí obìnrin tó ń sunkún ayọ̀ dìde lórí àga nítorí pé yóò rẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ jẹ? Bí mo bá sì ní kí ó dìde, kí ni n ó sọ pé mo ń bẹ̀rù? Mo fọn fèrè.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ gun orí igi. Bí mo bá ń parọ́ nípa ohun gbogbo, n kò ní parọ́ nípa èyí: n kò rí i kó ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Ó lọ, ó bọ̀, ó fi ọwọ́ dúró, ó yí ara rẹ̀ padà sórí igi náà, ó bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ àpò bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án. Àwọn ará Yoko hó yè. Àwọn adájọ́ kò tíì bu nǹkan, a ti ní kí wọ́n rí àwọn méjèèjì ná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ Sakété gùn ún. Ó fò dáadáa. Nígbà tó ń padà bọ̀ lórí igi, ara rẹ̀ fì, ó sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ fara kan erùpẹ̀, ó gbé e sókè kíá, ó parí rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, ẹni tó bá kan ilẹ̀ ti pàdánù ìdajì máàkì rẹ̀, olùdarí ìdíje ló sì ní àṣẹ láti sọ ọ́, adájọ́ kò lè yí i padà.

Èmi ni olùdarí. Ọ̀tún igi náà gan-an ni mo dúró sí.

Akẹgbẹ́ mi dìde. Ohùn rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n gbogbo pápá náà gbọ́ ọ.

“Mẹ̀tírẹ́ẹ̀sì, ọwọ́ yín ni ìwé wà. Ó jọ pé ọmọ mi fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ṣé ẹ rí i?”

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọmọ Sakété náà ń wò mí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Obìnrin olórí alágàrí ń wò mí. Ọmọ mi kò wo ẹlòmíràn bí kò ṣe èmi, ojú rẹ̀ sì balẹ̀, torí ó mọ̀ pé mo rí i. Ẹnu mi, tí kò sinmi rí, tó ti sọ̀rọ̀ sí alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ àti bàbá tó ní kí ni ọmọ òun ń gbé ẹsẹ̀ sókè sí àti ọ̀gá ọ́fíìsì, ni mo la.

“N kò rí i,” ni mo wí.

Mo ti wá ìdí rẹ̀ kiri láti ọjọ́ náà. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ pé ìtìjú ni: èmi ni mo mú wọn wá sí Yoko nítorí ẹ̀tàn, ó wá dà bíi pé bí mo bá sọ òótọ́ yẹn, ẹ̀tàn ni òun náà yóò jẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé ìgbéraga ni, pé n kò fẹ́ kí ọkùnrin pẹ̀lẹ́ yẹn jẹ́ olóòótọ́ jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ ni èsì tí mo fún un gan-an ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo bá fẹ́ gbè sẹ́yìn ara mi, mo ní ọmọ ọlọ́mọ ló dúró níwájú mi tó ń gbọ̀n, èmi ló sì tọ́ èkejì. Ṣé bí alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe rí náà ni mo ṣe rí, tí mo sì ń pariwo mọ́ ọn fún ọdún méjì? N kò mọ̀. Mo ti dàgbà báyìí, n kò tíì mọ̀.

Àwọn adájọ́ bu ẹ̀kùrọ́. Ọmọ Sakété gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n. Ọmọ mi gba méjìdínlógún, mẹ́rin péré sì ni èyí tó ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá. Obìnrin náà gbá mi mọ́ra lẹ́yìn náà, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n dúpẹ́ fún Ọlọ́run pé Yoko kò dójú ti àlejò, àti pé ọmọ wa ti ṣe wá lóge. Ó ń sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo ní ẹ ṣeun.

Nínú kamiyọ́ọ̀, ọmọ mi jókòó tì mí lórí àpò gàrí.

“Ìyá, ẹ rí i.”

Kò bi mí léèrè, ó sọ ọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. Ó mi orí, ó sì kọ ojú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà títí a fi dé Pobè. Mo retí kó sunkún kí n lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kò sunkún.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ pa dé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá sí Pobè pẹ̀lú àkùkọ méjì àti apẹ̀rẹ̀ gàrí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, bó tilẹ̀ dàgbà jù mí lọ, ó dúpẹ́ pé mo tọ́ ọmọ náà, ó ní òun fẹ́ mú un lọ sílé bàbá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ ní Àjàṣẹ́ ni, ǹ bá ní ohun tí n ó sọ. N kò ní nǹkan kan. Mo bi ọmọ náà lójú rẹ̀ bóyá ó fẹ́ lọ. Ó ní ohun tí àwa àgbà bá sọ ni. Mo bá a di ẹrù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọ Sakété wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Àjàṣẹ́. Ó di olùkọ́ gan-an, ó sì mọṣẹ́. Ó wá kí mi lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà, ọmọ dáadáa ni, n kò lè bínú sí i.

Mo darí ìdíje náà fún sáà kan sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ àwọn ọ̀gá ní Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tó rántí wa mọ́, ikán sì jẹ ìtì ọ̀pẹ.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó dé ilé tí ọmọ mi ń gbé. Ó ti lọ́kọ ní Sakété, ó ń ta gàrí ní ọjà ńlá, owó ń wọlé fún un, ara rẹ̀ sì ti nípọn. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ó ti kọ́ wọn dáadáa. Bí mo ṣe wọlé ni ó nu àga tó dára jù lọ nínú ilé náà, ó gbé e síwájú mi, ó bu omi fún mi, ó ti ń wá ẹni tí yóò rán lọ ra ẹran. Mo ní kó má ṣe wàhálà, èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Mo ti ń na ọwọ́ sí èyí tó kéré jù.

“Ẹ kúnlẹ̀,” ó sọ fún wọn. “Ẹ kí àlejò wa tó wá láti Pobè.”